Orin Tí Olè Kò Lè Jí

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tí ẹ fi ọjà Mile 12 sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin onílù tí ẹ jókòó sí igun ọ̀hún, tí ẹ ń retí kí n sọ̀rọ̀ tán kí iṣẹ́ yín tó bẹ̀rẹ̀: mo kí yín. Mo júbà Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, ẹni tí ó kọ́kọ́ mú kí igi tí kò lẹ́nu fọhùn. Mo júbà àwọn akọrin tí wọ́n ti sùn, ṣùgbọ́n tí ohùn wọn kò bá wọn sùn. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Èmi náà ti júbà, kí ọ̀nà ọ̀fun mi là.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó pe ìpàdé yìí ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: kí ni ó fà á tí àwọn orin kan fi ń dàgbà tí wọn kì í gbó, tí àwọn mìíràn sì ń kú kí aṣọ ìnáwó tí a wọ̀ jó wọn tó ṣá? Wọ́n ní kí n má fi mọ sí orin tiwa nìkan, kí n mẹ́nu ba orin rọ́ọ̀kì àti orin sóòlù tí ó gbòde ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1955 sí 1980, nítorí pé àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbọ́ àpàlà ní alẹ́ Sátidé náà ni wọ́n ń gbọ́ Otis Redding ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí wọn kò sì rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti ń gbé inú mi.

Inú ilé ni mo ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn rẹ̀. Ní ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ìkòsí ní Èkó, bàbá mi ní àpótí onígi kan tí ó kó àwọn àwo orin rẹ̀ sí, tí ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: Haruna Ishola wà níbẹ̀, Yusuf Olatunji wà níbẹ̀, I. K. Dairo àti Ebenezer Obey wà níbẹ̀, James Brown àti Aretha Franklin sì fara ti wọn bí ọmọ ìyá. Ní àkókò òjò ọdún kan, omi ya wọ àdúgbò wa ní òru, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ tí ilé wọn kò jìnnà sí àbàtà ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àpótí ti léfòó, ìwé ara àwo ti ṣí kúrò, ẹrẹ̀ sì ti kún ojú wọn. Bàbá mi tò wọ́n sí oòrùn, oòrùn ká wọn kò bí ewé gbígbẹ. Ó jókòó tì wọ́n, kò sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni ó bu omi, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ògiri, bí ó sì ti ń fọ̀ ọ́ ni ó ń kọrin. Orin inú àpótí náà ni ó ń kọ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, láìfo ìlà kan. Nígbà tí ó yá, bàbá mi dìde, ó gba ìgbálẹ̀, ó sì ń gbè é. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé omi kó àwo lọ, kò rí orin kó. Àpò tí a fi gbé orin wálé ni àwo jẹ́. Ẹnu ènìyàn ni ilé orin.

Irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kan ju tiwa lọ, ní Èkó yìí kan náà, Èkó akéte, ilé ọgbọ́n. Ní oṣù Ògún ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Beatles, kó ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ tuntun wá sí Èkó láti gba ohùn orin sílẹ̀ ní sítúdíò ilé-iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Ẹgbẹ́ náà ti fọ́ kí wọ́n tó gbéra: méjì nínú wọn ti kọ̀wé sílẹ̀, ó wá ku òun, aya rẹ̀ Linda, àti ọ̀rẹ́ wọn Denny Laine. Wọn kò pẹ́ dé tí àwọn olè fi dá òun àti aya rẹ̀ lọ́nà ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí wọ́n sì gba gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan téèpù tí ó ti kọrin tí wọ́n fẹ́ ṣe sí. Kò sí ẹ̀dà wọn níbì kankan. Ọkùnrin náà ní láti jókòó ní Àpápá, kí ó máa fi orí ara rẹ̀ wá orin tirẹ̀ kiri, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rántí. Àwo tí ó ti inú ìṣòro yẹn jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, Band on the Run, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn Beatles. Mo ti ronú lórí ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé ọ̀bẹ olè yẹn ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an: ó já orin náà gbà kúrò lọ́wọ́ téèpù, ó sì fi í lé iyè ọkàn lọ́wọ́, èyí tí kò lágbára láti dúró nínú iyè ti bá olè lọ, èyí tí ó dúró ni ayé gbọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n mìíràn sílẹ̀. Iye àwo tí orin tà kọ́ ni títóbi rẹ̀, ariwo tí ó pa ní ọdún tí ó jáde kọ́, ọjọ́ orí kọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ orin ni ó dàgbà tí kò gbọ́n. Orin ńlá ni orin tí àwọn ènìyàn lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, kí wọ́n sì fi ṣe ọ̀rọ̀ ara wọn, bí a ti ń fi òwe tí a kò mọ ẹni tí ó pa á ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí orin ṣeé gbà? Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Mile 12 mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá já apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti Òkè Ọya sílẹ̀ ní ìdájí, kì í ṣe wíwúwo ẹrù ni ó ń da alábàárù láàmú. Apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú ni ó ń dà á láàmú. Bí ó bá ti rí ibi dì mú, yóò gbé e sáré. Orin náà ní ibi tí a ń dì mú. Mẹ́ta ni mo mọ̀.

Èkíní ni pé kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Èdè wa ń gun òkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohùn orin gbé ọkọ́ tí a fi ń ro oko kúrò ní ipò rẹ̀ lè sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Ìkòròdú, tàbí kí ó sọ ọ́ di ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó sílé. Nígbà tí àwọn ìjọ àkọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó ṣìnà bẹ́ẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń kọ ohun tí wọn kò ní lọ́kàn sí Olúwa. Alúfàá J. J. Ransome-Kuti, Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbi, wà lára àwọn tí wọ́n wá àtúnṣe sí i, tí wọ́n ń ṣe orin ìyìn tí ohùn rẹ̀ ń tọ ẹsẹ̀ èdè; ní ọdún 1922 ni ó sì kọ wọ́n sínú àwo ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Christ Church ní Èkó, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ìwé kọ́ ni Haruna Ishola, Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ń ṣe láìwo ìwé. Ẹ fetí sí i dáadáa: kò kánjú, kò pariwo, ó ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to ẹyin, agídìgbo ń kùn lábẹ́ rẹ̀, gángan sì ń tún ohun tí ó wí wí. Orin tí ó kọ fún ẹgbẹ́ Oroki Social Club ti Òṣogbo ní ọdún 1971 wà lẹ́nu àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ Òṣogbo rí, nítorí pé nígbà tí ohùn àti ọ̀rọ̀ bá ń rìn pọ̀, ẹni tí ó bá rántí ọ̀kan ti rántí èkejì.

Èdè òyìnbó kò ní irú òkè àti odò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn olórin sóòlù rí ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà. Baba Aretha Franklin jẹ́ oníwàásù ní ìlú Detroit. Oníwàásù ni baba Sam Cooke pẹ̀lú. Nínú ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, oníwàásù a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ náà a máa gbóná, a máa fà, títí yóò fi di orin tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ibi tí ààlà wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìjálá àti ẹkún ìyàwó dàgbà kò ní ṣàjèjì síbẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé kúrò nínú ìjọ wá sínú sóòlù ni pé kí akọrin kọ́kọ́ sọ òótọ́ bí ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí orin sì wá ti inú òótọ́ náà hù jáde.

Èkejì ni pé kí ìlù ní sùúrù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọgbọ́n tí James Brown fi kọ́ àwọn onílù rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn pàdé lórí ìró àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù máa wí tirẹ̀. Ní Èkó, Tony Allen tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò jókòó ti ìlù òyìnbó, ó sì kọ́ ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì láti máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò tako ara wọn. Lórí ìlù bẹ́ẹ̀ ni Fela lè jẹ́ kí fèrè àti gìtá máa rìn fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí ó tó la ẹnu, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní dìde lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlù tí ó ní sùúrù ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń gbọ́ kí ó wọlé, kí ó wá ibi jókòó, kí ó sì rò ó. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé orin Fela jẹ́ tiwa, orin James Brown sì jẹ́ ti àlejò. Àwọn tí wọ́n kó gba orí òkun lọ ní ìgbèkùn kò lè gbé ìlù dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé lílé àti gbígbè lọ nínú ọ̀fun. Ó wà nínú oko òwú, ó wà nínú ìjọ, ó sì padà wá bá wa nínú àwo gírámafóònù. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú yìí kan náà tí a gbà wá síbí ni Bobby Benson kọ́ Caban Bamboo sí, tí àwọn ará Èkó ti ń jó hailáìfù. Roy Chicago gbé gángan wọ inú hailáìfù. Nígbà tí Geraldo Pino gbé sóòlù wá láti Sàró, Èkó mì tìtì. Orlando Julius, tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ti pa hailáìfù àti sóòlù pọ̀ nínú àwo tí ó pè ní Super Afro Soul ní ọdún 1966. Ní ọdún 1969, Fela, ọmọ-ọmọ Alúfàá Ransome-Kuti tí mo dárúkọ, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles ni Sandra Izsadore ti la ojú rẹ̀ sí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì padà wálé pẹ̀lú orin tí ó ti gba ẹ̀mí mìíràn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Èkó. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ Cream, gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa ní ọdún 1971, ó sì ṣe àwo pẹ̀lú Fela ní ọdún náà. Odò tí ó ṣàn lọ ni ó ń padà sí orísun; ta ni yóò wá dúró ní bèbè rẹ̀ kí ó máa pín omi sí tiwa àti tiwọn?

Ẹ̀kẹta ni ègbè. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Orin tí akọrin dá ṣe tán pátápátá, tí kò fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, dà bí oúnjẹ tí a jẹ níwájú àlejò láìfún un ní ṣíbí. Ẹ gbọ́ bí Taiwo àti Kehinde Lijadu ti ń kọrin, ìbejì tí ohùn ọ̀kan kì í parí kí ti èkejì tó gbà á; ẹni tí ń gbọ́ wọn yóò rò pé òun ni ẹ̀kẹta wọn. Ẹ sì wo orin tí Ebenezer Obey fi sọ ìtàn bàbá àti ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, tí aráyé ń bá wí bí wọ́n bá gùn ún, tí wọ́n sì ń bá wọn wí bí wọn kò bá gùn ún. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí orin náà ti jáde, ṣùgbọ́n mo jókòó ní ọjà èso Kétu láìpẹ́ yìí, tí obìnrin kan ń sunkún nítorí ohun tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń wí, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì wí fún un pé, “Ìyá Ṣadé, ṣé o ti gbàgbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni?” Obìnrin náà nu ojú, ó sì padà sídìí ọsàn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọrin. Orúkọ ẹranko kan ṣoṣo ti tó, orin ti di òwe.

Bí orin bá ti ní ibi mẹ́ta wọ̀nyí tí a lè dì mú, ohun kan ni ó kù tí akọrin kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ọjọ́ tí àwọn ènìyàn yóò nílò rẹ̀. Ní ọdún 1948, Haruna Ishola kọrin nípa Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó sínú àwo, orin náà kò rìn jìnnà. Ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí Orímolúsì ti wàjà, ó tún un kọ. Ìgbà náà ni gbogbo ilẹ̀ gbà á, tí orúkọ akọrin sì tàn ká. Ọwọ́ àwọn ọlọ́fọ̀ ti bà á, wọ́n sì rí i pé ó gba ẹkún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Otis Redding kọ orin Respect ní ọdún 1965, orin ọkùnrin tí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyàwó òun bọ̀wọ̀ fún òun bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ọdún 1967, Aretha Franklin gbà á, ó fi ègbè obìnrin sí i, ó sì dojú rẹ̀ kọ ọkùnrin. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin àti àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú fi gbà á lọ́wọ́ òun náà. Ẹni mẹ́ta ni ó ni orin kan, kò sì fàya.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa ni mo fẹ́ fi kádìí ẹ̀rí mi. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, owó epo bẹntiróòlù fò láti náírà 65 sí náírà 141, àwọn tí ń wọ danfó láti Kétu sì rí i pé owó ọkọ̀ ti fò sókè kí wọ́n tó jáde ilé. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta, níhìn-ín ní Kòsọ́fẹ́, láti fi ẹ̀hónú hàn. Fela ti kú láti ọjọ́ kejì oṣù Ògún ọdún 1997. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún, orin rẹ̀ ni ó jáde, àwọn tí wọn kò ì tíì tó ọmọ ọdún ogún sì ń gbè é láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni. Àwa àgbà tí a wà níbẹ̀ rántí ohun tí irú orin bẹ́ẹ̀ ná an: ó ṣe Zombie, orin tí ó fi bú àwọn ọmọ-ogun, ní ọdún 1976, àwọn ọmọ-ogun sì dáná sun ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Èrèlé ọdún 1977, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Olóyè Funmilayo Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, màmá náà sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Iná jó ilé àti ohun èlò àti téèpù. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, orin dúró ní Ọjọ́ta, ó ń ti àwọn ọmọ tí kò bí lẹ́yìn nínú ìjà owó ọkọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó tán, owó epo sọ̀kalẹ̀ sí náírà 97. N kò sọ pé orin ni ó gbé e sọ̀kalẹ̀; ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé orin ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orin sílẹ̀ fún fóònù nìkan. Ẹ kọ ọ́ ní ojú àwọn ọmọ yín, nídìí iná, nínú ọkọ̀, níbi tí ẹ ti ń fọ aṣọ, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ègbè rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò bá mọ ègbè kò ní mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe orin ní yàrá yín ní Alápẹ́rẹ̀ àti Ògùdù, n kò wá bú yín. Tiyín náà yóò dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ bi ara yín bóyá obìnrin kan tí omi ti ya wọ ilé rẹ̀ lè kọ ọ́ bí ó ti ń fọ ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin onílù, ẹ ṣeun tí ẹ ní sùúrù. Mo ti bá àwọn onílù wa sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n má ṣe la ẹnu rárá: gángan nìkan ni yóò fọhùn, kò sì ní sọ orúkọ orin tí ó ń lù. Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ìlù bá ti dún, tí ọ̀rọ̀ sì ti gun orí ahọ́n yín kí ẹ tó bi ẹnìkejì yín léèrè, ẹ ti dáhùn ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí.